Ṣé o mọ̀? Aṣọ òkè rìn jìnnà ju ìyàwó lọ

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò ló ń ṣe òwú sányán, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ òkè wa? Kì í ṣe kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ń sìn o, inú igbó ló wà. Bí ìdin rẹ̀ bá fẹ́ para dà, ọ̀pọ̀ wọn á kóra jọ, wọ́n á ta ilé kan ṣoṣo bo ara wọn. Ilé yẹn ni àwọn èèyàn ń já, tí wọ́n ń fi omi eérú sè kó lè rọ̀, kí wọ́n tó ràn án. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lórí rẹ̀, aró kankan kò sì kàn án.

Ẹtù ní tirẹ̀ mu aró yó. Èlú ni wọ́n fi ń pa á, orúkọ ẹyẹ ni wọ́n sì fún un, torí ìlà funfun tín-ín-rín tó ń yọ lára dúdú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹtù.

Àlàárì ńkọ́? Orúkọ yẹn gan-an àlejò ni. Lárúbáwá ń pe sílíìkì ní al-harir, Hausa sọ ọ́ di alharini, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di àlàárì. Ọ̀nà kan náà ni òwú pupa tí wọ́n fi ń hun ún gbà wọlé láyé àtijọ́: láti Tripoli létí òkun, lórí ràkúnmí, la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Kano, kó tó kàn wá. Ta ni kò ní mọ̀ pé aṣọ olówó ni?

Bí o bá dé Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, wo ìdí òfì. Òwú gígùn nà jáde níwájú ahunṣọ, wọ́n so ìkángun rẹ̀ mọ́ òkúta tó wà nílẹ̀. Bó ṣe ń ju ọkọ̀ òfì sọ́tùn-ún, sósì, tó ń hun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó hun kò fẹ̀ ju bí ínṣì mẹ́rin lọ. Rírán ni wọ́n ń rán an pọ̀ kó tó di ìró.

Léèsì tí ìyá ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni Lustenau, ìlú kékeré kan ní Austria, ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ní 2010, wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Vienna. Ní 2011, wọ́n gbé àfihàn náà wá sí Èkó. Kí màmá tó ní òyìnbó ò mọ aṣọ, kó kọ́kọ́ wo bùbá tó wà lọ́rùn ara rẹ̀.

 

Níbi ìgbéyàwó náà, alága ìjókòó tó ń darí ètò á ní kí ìyàwó dé ọkọ ní fìlà. Á rọra gbé e lé e lórí, àwọn èrò á hó yèè. Bó bá jẹ́ fìlà sányán ni, ilé kòkòrò ló dé fún un yẹn.