Puri: Òrìṣà Tí Ń Jáde Wá Bá Àwọn Tí Kò Lè Wọlé

Ní ìlú Puri, ní etíkun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni tẹ́ḿpìlì Jagannath wà. Ọba Anantavarman Chodaganga ni ó bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá. Òrìṣà mẹ́ta ni a ń bọ níbẹ̀: Jagannath, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Subhadra àbúrò wọn obìnrin. Igi dóńgóyárò ni a fi gbẹ́ ère wọn. Bí igi sì ti ń gbó, a máa ń gbẹ́ òmíràn, bí a ti ṣe ní ọdún 1996 àti 2015, a ó sì sin ti àtijọ́ sínú ọgbà tẹ́ḿpìlì.

Ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan ni a ń gbà wọlé. Ní ọdún 1984, Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀, kò rí àyè wọ ibẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́sìn Pársì ni ọkọ tí ó fẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, àwọn òrìṣà náà a jáde síta. Kẹ̀kẹ́ ńlá onígi mẹ́ta, tí a ń kàn ní tuntun lọ́dọọdún, ni wọ́n ń gùn. Ti Jagannath ní ẹsẹ̀ 16, ti Balabhadra 14, ti Subhadra 12. Kí wọ́n tó gbéra, ọba Puri yóò mú ìgbálẹ̀ olówùrà, yóò sì gbá orí kẹ̀kẹ́ bí ìránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni èrò yóò di okùn mú, tí wọn yóò wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sí tẹ́ḿpìlì Gundicha, ìrìn bíi kìlómítà 3. Ní òpópónà yìí, a kì í bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn tàbí ìran rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ibojì Salabega wà, akéwì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tí baba rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Kò lè wọ tẹ́ḿpìlì. Òpópónà nìkan ni ó ti lè rí Jagannath. Ìtàn sọ pé ní ọdún kan, àìsàn dá a dúró lójú ọ̀nà àjò, ó sì bẹ òrìṣà kí ó dúró de òun. Kẹ̀kẹ́ kò mì títí ó fi dé. Títí di òní, kẹ̀kẹ́ Jagannath a máa dúró díẹ̀ níwájú ibojì náà.

Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ní kí àwọn alákòóso ronú lórí gbígba ẹlẹ́sìn gbogbo wọlé. Àwọn olùtọ́jú àṣà kọ̀. Ní ti Salabega, ẹni tí a kò gbà wọlé, orin tí ó kọ sí Jagannath ṣì wà lẹ́nu àwọn olùfọkànsìn ní gbogbo Odisha.