Ọdún Kìíní Ọmọ Wa ní Yunifásítì



Bí èsì BAC bá jáde, ayọ̀ a máa wọ ilé púpọ̀ ní Bessé àti ní gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. A ó pa adìẹ, a ó gún iyán, aládùúgbò á sì wá kí wa kú oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kérésìmesì bá dé, òmíràn nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa fi ojú rírò wọlé. Ẹni tó ń ṣe ipò kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gba 6 nínú 20 nínú ìṣirò. Bàbá ní eré ló ń ṣe. Ìyá ní ayé ló ń ṣe é. Ọmọ náà ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bóyá orí mi kò gba sáyẹ́ǹsì." Ní tiwa, a rò pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì ni, kò sì tíì mọ ìṣe ibẹ̀.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kò sún mọ́ wa tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Dakar ni ọ̀pọ̀ ọmọ Dahomey ń lọ. Ní 1965, Dahomey àti Togo jùmọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀: ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì sì wà ní Àjàṣẹ́, èyíinì ni Porto-Novo. Ní 1970 ni orílẹ̀-èdè wa dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Abomey-Calavi. Ní 2001 a dá ti Parakou sílẹ̀, níbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìṣègùn wà, tó sì sún mọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ju Calavi lọ. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó wọlé mọ ibi tí yóò jókòó sí.

Ohun tó yàtọ̀

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ mọ orúkọ ọmọ, ó sì ń bèèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní yunifásítì, inú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní amphi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o kò wá, ẹnikẹ́ni lè má bèèrè rẹ. Òmìnira yìí dùn, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú.

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ẹ̀kọ́ inú amphi. Èkejì ni TD, níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìdánrawò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbìyànjú iṣẹ́ náà kó tó lọ, nítorí ẹni tó kàn ń wo ẹlòmíràn bó ti ń wẹ̀ kò lè mọ odò wẹ̀. Ẹ̀kẹta ni TP, iṣẹ́ ọwọ́ inú yàrá ìwádìí. Kí ó kọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe da ti ọ̀rẹ́ kọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí krédíìtì. Sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ krédíìtì 30, ọdún kan jẹ́ 60, oyè lísáńsì ọdún mẹ́ta sì jẹ́ 180. Wákàtí kíláàsì nìkan kọ́ ni krédíìtì kà. Iṣẹ́ tí ọmọ ń dá ṣe wà nínú rẹ̀. Èyí tí ọmọ bá sì ti gbà, ti rẹ̀ ni. Èyí tó kù ni yóò tún ṣe. Nítorí náà, ẹni tó kùnà nínú ẹ̀kọ́ kan kò tíì pàdánù gbogbo ọdún. Kí a má ṣe sọ ọ́ di ọ̀lẹ lójú gbogbo ẹbí.

Èdè mẹ́ta lẹ́nu kan

Yorùbá ni ọmọ wa ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, Fọ̀n ni yóò fi ra gàrí lọ́jà Calavi. Kì í ṣe òmùgọ̀ bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè yé e. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó wá ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n máa fi èdè tiwọn ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún ara wọn. Ẹ wo epo pupa tí ìyá ń dà sínú omi: ó léfòó. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Lítà epo kan kò ju nǹkan bíi 900 gíráàmù lọ. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá, ó ti mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Bí kò bá lè ṣe é, ó kàn há a sórí ni.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ òní lónìí, ìbáà jẹ́ wákàtí kan péré. Ẹ wá ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá, kí ẹ fi dánra wò. Ẹ sùn dáadáa, ẹ má sì pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi tì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fètò sí owó. Iṣu ń mú owó wá kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kajú ń mú tirẹ̀ wá láàárín ọdún. Ẹ ya ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ayẹyẹ tó gbé e lọ. Ebi kì í jẹ́ kí ìṣirò yéni. Ẹ má máa pe ọmọbìnrin wálé fún gbogbo ìsìnkú àti ìgbéyàwó nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́lé. Ìwé tirẹ̀ kò kéré sí ti arákùnrin rẹ̀. Bí ọmọ bá sì fẹ́ yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ parí ọdún náà, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀rù Kérésìmesì ló ń sá fún.

Bí ó bá wálé, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ipò wo lo ṣe?" Ẹ bi í pé, "Èwo ni kò yé ọ, ta ni ó sì lè ràn ọ́ lọ́wọ́?" Àwọn tó ti jáde yunifásítì wà láàárín wa nínú ìjọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá àwọn àbúrò wọn jókòó ní ọjọ́ kan nínú ìsinmi yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.