Bí a Ṣe ń Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ pẹ̀lú JUCE: Kíkọ Ètò Kọ̀ǹpútà fún Gbígba Ohùn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ lórí èdè Yorùbá mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí èdè náà. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá igba tí í ṣe òǹkà ni a ń sọ, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí ìgbà tí í ṣe àkókò. Ìdí nìyí tí gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣeé fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà kan ń lo Windows, èkejì ń lo macOS, ẹ̀kẹta ń lo Linux; fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lo Android tàbí iOS. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà mú ohùn wọlé láti inú máíkì. Ẹni tí ó kọ ètò fún ọ̀kan kò tíì kọ ọ́ fún èkejì. Ìṣòro yìí ni JUCE wà fún.

1. Kí ni JUCE?

JUCE jẹ́ àkójọ kóòdù tí a kọ ní èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ C++. Julian Storer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a sílẹ̀. Inú kóòdù tí ó kọ fún Tracktion, ètò tí a fi ń gba orin sílẹ̀ tí a sì fi ń tò ó, ni ó ti yọ ọ́ jáde, tí ó sì gbé e fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ ROLI ti ìlú London rà á ní ọdún 2014. Ní ọdún 2020 ó bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ PACE. Ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ jáde ní ọdún 2024.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni JUCE ń ṣe. Ẹni tí ń kọ ètò yóò sọ ohun tí ó ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. JUCE yóò sì tún un sọ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tí ó gbọ́: WASAPI tàbí ASIO lórí Windows, CoreAudio lórí macOS, ALSA tàbí JACK lórí Linux. Bákan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú fèrèsé, bọ́tìnnì àti àwòrán tí a ń rí lójú ẹ̀rọ.

2. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ díẹ̀ nínú C++. Ohun kejì ni ètò tí ń sọ kóòdù di iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe: Visual Studio lórí Windows, Xcode lórí macOS, g++ tàbí clang lórí Linux. Ohun kẹta ni JUCE fúnra rẹ̀, èyí tí a lè gbà láti juce.com. Inú rẹ̀ ni a ó ti rí Projucer, ètò tí a fi ń ṣí iṣẹ́ tuntun. Láti ẹ̀dà kẹfà tí ó jáde ní 2020, ẹni tí ó bá fẹ́ CMake lè lò ó dípò Projucer.

Ó tọ́ kí a ka ìwé àdéhùn JUCE kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà láti fi kóòdù tirẹ̀ han àwọn tí ń lo ètò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà AGPLv3 ti wí, kò ní san owó kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi kóòdù rẹ̀ hàn ní láti tẹ̀ lé àdéhùn ti oníṣòwò.

3. Ètò àkọ́kọ́

A ó ṣí Projucer, a ó sì yan iṣẹ́ tuntun. Nínú àwọn irú iṣẹ́ tí yóò tò sílẹ̀, èyí tí ń jẹ́ Audio ni a ó mú. A ó fún un ní orúkọ, a ó yan irú ẹ̀rọ tí a ń kọ ọ́ fún, a ó sì fi í pamọ́. Kí a kọ́kọ́ mú kí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti wà. Fèrèsé lásán ni yóò yọ, kò sì ní sí ìró kankan. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àmì pé ohun gbogbo wà ní ipò.

Nínú fáìlì MainComponent, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì. prepareToPlay ni ibi ìpalẹ̀mọ́: níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sọ iye òǹkà tí yóò máa lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. getNextAudioBlock ni ibi iṣẹ́ gan-an. releaseResources ni ibi tí a ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Òǹkà ni ìró jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá ń lo 48,000 òǹkà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdì ìdì ni ó ń gbà wọ́n. Bí ìdì kan bá jẹ́ 480, a jẹ́ pé nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò pe getNextAudioBlock. Òǹkà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà láàárín -1 àti 1.

Ètò tí ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni bọ́tìnnì mẹ́ta tí ń dún bí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Fún àpẹẹrẹ, a lè fi ìsàlẹ̀ sí 120 ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú àáyá, kí àárín jẹ́ 150, kí òkè sì jẹ́ 180. Ní 48,000 òǹkà, ìgbọ̀nrìrì kan ti ohùn àárín yóò gba 320 òǹkà. Iṣẹ́ tí C++ ń pè ní std::sin ni yóò ṣírò wọn. Kí a sì fi 0.2 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ kí ìró náà má baà pariwo jù. Ẹni tí ó bá tẹ àárín àti òkè tẹ̀ léra yóò gbọ́ ọ̀nà igbá. Bí ó bá tẹ àárín àti ìsàlẹ̀, yóò gbọ́ ọ̀nà igbà. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé pé ohùn Yorùbá kì í ṣe iye kan pàtó: ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin lè ga ju ohùn òkè ọkùnrin lọ. Ìfiwéra láàárín ẹnu ẹnì kan náà ni ó ń fi ohùn hàn.

4. Òfin àkókò

Òfin tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé getNextAudioBlock kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ìdì bá ń dé nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ó ní láti fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Onílù tí ó wà lójú agbo kì í dá ìlù dúró láti lọ wá ọ̀pá. Ó ti mú un dání kí ó tó jáde nílé. Nítorí náà, a kì í ṣí fáìlì nínú iṣẹ́ yìí, a kì í bèèrè àyè tuntun lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í yà àwòrán, a kì í sì í dúró de iṣẹ́ mìíràn. Inú prepareToPlay ni a ti ń pèsè gbogbo rẹ̀.

Bí a bá rú òfin yìí nígbà tí a ń gbọ́ orin, ìró yóò kàn ta pá létí. Bí a bá rú u nígbà tí a ń gba ohùn àgbà sílẹ̀, òǹkà tí ó sọnù lè mú fáwẹ́lì kan lọ tòun ti ohùn rẹ̀, àgbà náà sì lè má sí mọ́ kí a tó ṣàkíyèsí àṣìṣe wa. JUCE ti pèsè ThreadedWriter fún èyí: a ó kàn gbé òǹkà sí i lọ́wọ́, òun yóò sì máa kọ wọ́n sínú fáìlì ní ẹ̀gbẹ́ kan, láìdá ohùn dúró.

5. Àṣẹ máíkì àti àkọtọ́

Fóònù àti macOS kì í jẹ́ kí ètò lo máíkì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Lórí Android, RuntimePermissions ni ó ń tọrọ àṣẹ náà. Fún ẹ̀rọ Apple, a gbọ́dọ̀ yàn án nínú Projucer. Kí a dán an wò nílé kí a tó lọ sí ìgbèríko.

Ti àkọtọ́ kò kéré. Láti ọdún 1975 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń lo ɛ àti ɔ níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Yálà ẹ́ ni o tàbí ɛ́, lẹ́tà náà kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, kí a fi fáìlì kóòdù pamọ́ ní UTF-8, kí a fi String::fromUTF8 yí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ, kí a sì yan fọ́ńtì tí ó ní àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹ̀dà kẹjọ ń lo HarfBuzz láti to lẹ́tà àti àmì pọ̀, èyí sì wúlò púpọ̀ fún èdè tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ṣe bọ́tìnnì mẹ́ta, tí ó gba ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ tí òǹkà kan kò sọnù, tí ó sì rí orúkọ ìlú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ti ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà. Kò ní máa dúró de ètò tí àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ bá kọ.