Wọ́n pè mí ní àlejò ní etíkun Kúbà

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọkùnrin tó fẹ́ fi mọ́tò gbé mi láti Havana lọ sí Matanzas, ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan, 130 dọ́là ló pè é. Mo ná an bí ẹni ń ná ánkárá ní Balógun. Mo ṣe bí ẹni ń lọ, mo padà, mo rẹ́rìn-ín, mo bínú, títí tó fi ní kí n mú 100 wá. Inú mi dùn débi pé mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp pé kò síbi tí ará Èkó ò ti lè ná ọjà. Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, 30 dọ́là tí mo yọ ọ̀hún ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ nípa ọ̀nà náà rí, Vía Blanca lorúkọ rẹ̀. Etíkun apá àríwá erékùṣù Kúbà ló gbà, nǹkan bí 100 kìlómítà láti Havana dé Matanzas, òkun sì wà lọ́wọ́ òsì yín fún èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ gòkè, ó tán. Mo fẹ́ mọ́tò tèmi nìkan, kí n lè ní "ẹ dúró níbí" nígbà tó bá wù mí. Mo kọ́kọ́ wo ti ẹ́jẹ́ńtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 180 dọ́là ni wọ́n ń gbà, nígbà tí mo sì béèrè pé èló ni dírẹ́bà máa rí níbẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Ìyá tí mo wọ̀ sílé ẹ̀ ló wá ní òun mọ ẹnì kan.

Mi ò ní dárúkọ ẹni náà. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ epo. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Olùkọ́ fisíìsì ni tẹ́lẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù ẹ̀ kò lè ra ẹyin dé ìparí ọ̀sẹ̀ kejì. Òyìnbó ẹnu ẹ̀ ò pọ̀, Spanish tèmi burú ju ìyẹn lọ, fóònù ló ń bá wa túmọ̀ èyí tó bá le. "Mi hija" ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ mi obìnrin. Èmi náà ò lè máa pe ẹni tó jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ni mo bá ń pè é ní Bàbá. Ó yà mí lẹ́nu pé kò béèrè kí ló túmọ̀ sí.

Mọ́tò ẹ̀ ńkọ́? Chevrolet 1953, búlúù lókè, funfun nísàlẹ̀. Gbogbo wa la ti rí irú ẹ̀ lórí Instagram. Ohun tí Instagram kì í sọ ni ìdí tó fi ṣì wà lójú títì. Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ Kúbà lọ́dún 1962. Lẹ́yìn ìyẹn, títí di 2011, àwọn mọ́tò tó ti wà nílùú kí Fidel Castro tó gbàjọba ní 1959 nìkan ni òfin jẹ́ kí aráàlú máa rà, kí wọ́n máa tà láàárín ara wọn fàlàlà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ jù wá lọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń tún ṣe. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi: ẹ́ńjìnnì Volga ti Rọ́ṣíà ló jókòó síbẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ara mọ́tò, ó ní "Amẹ́ríkà," ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó ní "Rọ́ṣíà," ó wá fọwọ́ gbá àyà ara ẹ̀, ó ní "ìyà." Tí àwọn mẹkáníìkì wa ní Ládípọ̀ bá rí i, wọ́n á dì mọ́ ọn.

Kò sí bẹ́líìtì nínú ẹ̀. Mo jókòó síwájú. Tí ẹ bá máa ṣe irú ìrìn àjò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú. Ẹ̀yìn wà fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

A gba Malecón, a wọ ihò ọ̀nà tó gba abẹ́ omi kọjá lẹ́nu èbúté Havana, èyí tí wọ́n ṣí ní 1958. Nígbà tí a máa fi jáde lódì kejì, òkun ti tẹ́ sílẹ̀ lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo mọ aró. Omi etí yanrìn dà bí aṣọ tí wọ́n rì bọnú aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n yára yọ, ti àárín dà bí èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dúdú bí ẹtù. Mo ní kí Bàbá dúró. Ó dúró. Mo tún ní kó dúró. Nígbà kẹrin, ó ní, "Ọmọ mi, òkun kan náà ni o."

Ní Guanabo, níbi tí àwọn ará Havana fúnra wọn ti ń wẹ̀, a jẹ pítísà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa pítísà náà.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni nǹkan yí padà. Bẹ́ẹ bá ń sún mọ́ Boca de Jaruco, òórùn kan á kọ́kọ́ wọlé, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa rí wọn létí òkun gan-an: àwọn ẹ̀rọ tó ń fa epo rọ̀bì látinú ilẹ̀, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń gbérí, bí aláǹgbá tó já láti orí igi tó ń yin ara ẹ̀. Epo ibẹ̀ ki, imí ọjọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ilé iṣẹ́ mànàmáná ni wọ́n ń dáná sun púpọ̀ nínú ẹ̀ sí. Èyí tó pọ̀ nínú epo tí orílẹ̀-èdè náà ń lò, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá, Venezuela ló sì ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá ní òun máa ń kọjá lára àwọn ẹ̀rọ yìí lọ tò síbi tí epo bẹntiróò kò sí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù fún un pé wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì ní ìlú wa láti ọdún 1958, pé fún ọ̀pọ̀ ọdún a ń ta rọ̀bì, a sì ń ra bẹntiróò padà, pé ìlà epo ni mo ti kà fún ìdánwò WAEC. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin náà?" Láti ìgbà yẹn ló ti gbàgbé pé oníbàárà ni mí.

(Lóṣù yẹn gan-an, nílé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, 700 kìlómítà, ariwo àwọn tí wọ́n fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù wọn sì ti gba gbogbo orí X. Mo rántí wọn bí mo ṣe ń wo àwọn tó ń ta àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vía Blanca. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.)

Afárá Bacunayagua ló gbajúmọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn. 1959 ni wọ́n ṣí i, ó fi nǹkan bí 110 mítà ga ju ìsàlẹ̀ àfonífojì lọ, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Kúbà. Àwọn igún ń yí po lábẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ wà lókè wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo bọ́ọ̀sì ti ń dúró tí wọ́n ti ń mu ọtí ọ̀pẹ̀yìnbó. Bàbá kò mu. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí òkun, ó tẹ̀ ba díẹ̀, mo gbọ́ tó ní "Yemayá." Ó wá yíjú sí mi, ó nawọ́ sí mọ́tò: búlúù àti funfun. Àwọ̀ ẹ̀ ni.

Ó béèrè pé ìwọ tó o ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ọmọ òrìṣà wo ni ẹ́? Mo ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà láti kékeré. Ó ní, ẹnikẹ́ni ò ṣe òrìṣà fún ẹ rí? Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Aleyo ni ẹ́ nìyẹn."

Àlejò.

Ó ṣàlàyé. Nílé àwọn tó ń sin òrìṣà ní Kúbà, aleyo ni ẹni tí wọn ò tíì fi jẹ òrìṣà. Ó lè wá, ó lè jẹun, ó lè kí òrìṣà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun tó wà nínú yàrá, ìta ni yóò dúró sí. Mo ní lọ́dọ̀ wa, àlejò ni ẹni tó wá kí ni nílé. Ó ní, "Ọ̀kan náà ni."

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé èdè mi nìyẹn, pé tí ẹnì kan bá jẹ́ àlejò nínú àwa méjèèjì, òun ni. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ sórí fóònù, ó béèrè ibi tí ilé Yemayá wà gan-an. Mo ní Odò Ògùn ni, Abẹ́òkúta, ìlú mi. Odò? Kì í ṣe òkun? Mo ní lọ́dọ̀ tiwa Olókun ló ni òkun. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, Yemayá ló ni ojú òkun, Olókun ló ni ìsàlẹ̀ ibú. Àwọn tí wọ́n kó kọjá lórí òkun ti gbé ìyá olódò sórí omi tó tóbi jù tí wọ́n rí. Bàbá wá ní kí n sọ bí odò náà ṣe rí fún òun. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdààmú. Mo ti gba orí afárá Láfẹ́nwá kọjá ní àìmọye ìgbà láyé mi, mi ò sì lè sọ ju pé omi ẹ̀ pọ́n nígbà òjò. Wọ́n kọ́ wa ní kékeré pé ká má wo ibẹ̀ pẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹ̀ sílẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè nípa ìlú mi, mi ò rí ìdáhùn.

Ní Matanzas, mo ní ká lọ sí odi San Severino, tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òwò ẹrú. Ìlú ṣúgà ni Matanzas, ẹrú ló sì ṣiṣẹ́ ṣúgà náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ogun kó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tú, apá ibí ni wọ́n kó wọn wá. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti 1820 ni àdéhùn Spéènì àti Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí òwò náà dáwọ́ dúró, wọn ò dáwọ́ dúró. Ńṣe ni wọ́n ń já àwọn èèyàn sílẹ̀ ní kọ́lọ́fín etíkun, kí ìjọba má baà rí wọn. Mo wo fọ́tò tó wà lórí fóònù mi láti àárọ̀, àwọn etí omi kéékèèké tó rẹwà yẹn. Mi ò ya òmíràn mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Carlota, obìnrin Lucumí tó wà lára àwọn tó ṣáájú ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ṣúgà Triunvirato, lágbègbè Matanzas yìí, lọ́dún 1843. Wọ́n pa á. Nígbà tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ sí Angola ní 1975, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fún iṣẹ́ náà. Mo ka ìtàn ní fásitì fún ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ obìnrin náà létí mi rí.

Nígbà tí à ń padà, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́bàá Santa Cruz, ó kú. Bàbá kò bínú. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde látinú búùtù, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó fẹnu fà á, ó tutọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu. Bíláàkì ló ti ra epo náà, torí orúkọ ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ lórí ìlà tí wọ́n ń tò lórí Telegram. Lóṣù tó ṣáájú ni ìjọba wọn gbé lítà bẹntiróò kan láti 25 pẹ́sò sí 132 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìdá ọgọ́rùn-ún dọ́là tí mo ná mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní epo ti gbé 40 lọ. Táyà wà níbẹ̀, owó ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gba Nicaragua japa lọ sí Amẹ́ríkà ní 2022, ó sì ń pariwo pé kí Bàbá ta mọ́tò náà, kó máa bọ̀. "Tí mo bá tà á," ó ní, "kí ni màá máa fi lọ síbi òkun?"

Mo mú 30 dọ́là jáde. Ó kà á, ó fi sápò, ó ní báwo ni dọ́là ṣe rí lọ́dọ̀ yín, ṣé iye méjì ló ní? Mo ní méjì ni Bàbá, ti báńkì àti ti bíláàkì. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Guanabo.

Tí ẹ bá rówó gba mọ́tò ládàáni ní etíkun èyíkéyìí láyé, ẹ bi dírẹ́bà lóhùn pẹ̀lẹ́ pé èló ni epo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Èmi ò bi í. Nígbà tó já mi sílẹ̀, àdúgbò náà ṣókùnkùn biribiri, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi gun àtẹ̀gùn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ mànàmáná Antonio Guiteras ní Matanzas kọṣẹ́, gbogbo Kúbà wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ̀wé sí Bàbá lórí WhatsApp. Máàkì kan ṣoṣo ló hàn. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, giríìdì tiwa náà ń ṣubú léraléra, nítorí náà èmi pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní bátìrì láti máa wò ó. Ó tó ọjọ́ bíi mélòó kan kí máàkì náà tó di méjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò pọ̀.

"Aleyo, iná dé."

Mo dá a lóhùn pé, "Up NEPA!" Ó ní kí lèyí túmọ̀ sí.