Ahọ́n Kò Dọ́gba

Ẹjọ́ kan wà tí kì í dé kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìlú wa. Ìyàwó ilé fi iyọ̀ fọ ewúro, ó fún omi rẹ̀ dànù nígbà mẹ́ta, ó sì fi ẹ̀gúsí sè é. Baálé tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó fa ojú ro, ó ní ó korò jù. Ìyá baálé tọ́ ọbẹ̀ kan náà wò, ó ní kò korò rárá, pé àfọ̀jù ni wọ́n fọ̀ ọ́. Ọmọ kékeré fi ẹnu kàn án, ó tu ú sílẹ̀, wọ́n sì gbá a létí pé alágídí ni. Ta ni nínú wọn ni ó ń purọ́? Àwa wí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ń purọ́.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìka kò dọ́gba. Bí ìka kò ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ahọ́n kò dọ́gba. Ohun tí ó korò lẹ́nu ẹnìkan bí oró lè wà lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀ bí omi lásán, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ là yé yín lónìí, nítorí pé àìmọ̀ nípa rẹ̀ ti mú kí a na ọmọ tí kò ṣẹ̀, kí a sì bá aya tí kò ṣe àìdára wí.

Ní ọdún 1931, ọ̀gbẹ́ni Arthur Fox, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilé iṣẹ́ Du Pont ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń da ìyẹ̀fun kan sínú ìgò. Orúkọ ìyẹ̀fun náà gùn púpọ̀. PTC ni àwọn onímọ̀ gé e kúrú sí. Bí ó ti ń dà á, eruku rẹ̀ fẹ́ káàkiri yàrá. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Noller, kígbe pé eruku náà korò lẹ́nu òun gidigidi. Ó ya Fox lẹ́nu, nítorí òun ni ó súnmọ́ ìyẹ̀fun náà jù lọ, síbẹ̀ kò mọ ìkorò kankan. Wọ́n jiyàn títí, nígbẹ̀yìn àwọn méjèèjì tún tọ́ ọ wò. Ẹnu Noller korò. Ẹnu Fox kò mọ nǹkan kan.

Fox kò fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn ẹlòmíràn tọ́ wò, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Nínú ẹgbẹ́ gbogbo ni ó ti rí àwọn tí ń mọ ìkorò náà, tí ó sì rí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìpàdé ńlá wọn ní ìlú New Orleans ní ìparí ọdún 1931, ọ̀gbẹ́ni Albert Blakeslee gbé ìyẹ̀fun yìí kalẹ̀ fún àwọn tí ó wá síbẹ̀. Ó ju 2,000 ènìyàn lọ tí ó tọ́ ọ wò. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wí pé ó korò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù sì wí pé àwọn kò mọ̀ bí nǹkan kan kan ahọ́n àwọn.

Láìpẹ́ ọjọ́ ni a mọ̀ pé ogún ni ọ̀ràn yìí, tí ọmọ ń gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2003 ni kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ ibi tí ogún náà fi ara pamọ́ sí. Ní ọdún náà ni Un-kyung Kim, Dennis Drayna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i nínú jíìnì kan tí a ń pè ní TAS2R38. Ẹ jẹ́ kí a fi àgádágodo ṣe àpèjúwe rẹ̀. Orí ahọ́n wa kún fún àgádágodo wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, ohun tí a sì ń jẹ ni kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bá àgádágodo rẹ̀ pàdé, tí ó sì ṣí i, a mọ̀ pé nǹkan korò. Jíìnì yìí ni ó ń sọ bí àgádágodo kan yóò ti rí. Ẹ̀dà méjì rẹ̀ ni olúkúlùkù ènìyàn ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó gba ẹ̀dà tí ó múná láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ìkorò PTC a máa le lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó gba ẹ̀dà tí kò ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, bí Fox ni yóò rí. Èròjà tí ó fara jọ PTC wà nínú kábéèjì àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sá fún ewébẹ̀ wọ̀nyí.

Níhìn-ín a ní láti kìlọ̀ kan. Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà tí ó dájú tó dé, àwọn kan a máa fi ìyẹ̀fun yìí wádìí ẹni tí í ṣe baba ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú rẹ̀ wò. Àwọn òbí méjì tí kò mọ ìkorò PTC ti bí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n, tí kò sì sí àgbèrè kankan níbẹ̀. Ahọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe àgádágodo kan ṣoṣo ni ó wà. Irú ti ìkorò nìkan tó bíi 25 nínú ènìyàn, olúkúlùkù pẹ̀lú jíìnì tirẹ̀. Ìkorò ewúro kò gba ọ̀nà kan náà wọlé pẹ̀lú ti PTC. Nítorí náà ẹni tí kò mọ ìkorò PTC lè mọ ti ewúro dáradára, ẹni tí kúnínì sì ń lé sá lè máa jẹ orógbó bí ẹni ń jẹ àádùn. Bí a bá rò ó báyìí, ó ṣòro kí a tó rí ènìyàn méjì tí ahọ́n wọn bára mu pátápátá, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì tí a bí láti inú ẹyin kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀dọ̀ ara wa. Nínú 100 ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 3 péré ni kò mọ ìkorò PTC. Ní àwọn ibì kan ní Íńdíà, wọ́n ju 40 lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé àwa ni ó yẹ kí a máa sá fún ohun kíkorò ju gbogbo ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà wa! Obì ń bẹ níbẹ̀, orógbó ń bẹ níbẹ̀, ewúro tútù àti èyí tí a ti fọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ti àgbo kò ṣe é kà. Ọmọ tuntun kò tíì dá ọjọ́ mẹ́wàá láyé tí a ti mú orógbó wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, pé kí ó gbó. Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé ahọ́n ni a ń jogún, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ràn láti jẹ, ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ náà sì ní ìdí tí kò fi rọrùn. Olùṣọ́ ni ìkorò jẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ara. Ọ̀pọ̀ májèlé inú igbó ni ó korò, Ọlọ́run sì fi àmì náà sílẹ̀ kí a má baà gbé ikú mì. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ kíkorò. Májèlé ń bẹ nínú rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń rin ín, tí a ń dì í sínú àpò, tí a ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù, tí a ń jẹ́ kí ó kan, kí a tó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí a sì yan án ní gaàrí. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe èyí ti mọ ohun tí olùṣọ́ ń wí. Nítorí náà bí ẹnìkan nínú ilé bá ní oúnjẹ kan korò ju bí ó ti yẹ lọ, kí a má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè jẹ́ pé ahọ́n tirẹ̀ ni ó mú jù lọ láàárín yín.

Ní ti àwọn ọmọdé, olùṣọ́ tiwọn kì í sùn. Ní ọdún 2005, ọ̀mọ̀wé Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Philadelphia fi ìbátan PTC kan dán àwọn ọmọ àti ìyá wọn wò. Nínú àwọn tí ó jogún ẹ̀dà kan tí ó múná àti ẹ̀dà kan tí kò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí ó mọ ìkorò díẹ̀díẹ̀ pọ̀ ju àwọn ìyá lọ. Nítorí náà nígbà tí ọmọ bá tu ẹ̀fọ́ sílẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì búra pé kò korò, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹgba kò lè yí ahọ́n padà.

Kí ni a ó wá ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Òórùn àti adùn ohun tí ìyá ń jẹ a máa dé inú wàrà ọmú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó hu eyín. Nígbà tí ó bá ń jẹun, kí a fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀ láìfi ipá ṣe é, kí a sì tún fún un ní ọjọ́ mìíràn. Ó lè tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ó tó gbà á. Iyọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ewúro pàápàá kì í ṣe àṣà lásán: àwọn onímọ̀ fi hàn ní ọdún 1997 pé iyọ̀ a máa bo ìkorò mọ́lẹ̀ lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí da iyọ̀ púpọ̀ sínú ọbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èyí tí ó wúwo jù lọ ni ti oògùn. Ọbẹ̀ tí ọmọ kọ̀ kò ju ìdààmú ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n oògùn ibà tí ó pọ̀ jáde lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe gbé Coartem tí ń yọ́ nínú omi, tí a fi adùn sí, jáde fún àwọn ọmọdé ní ọdún 2009. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń bi oògùn, ẹ má ṣe dì í mú kí ẹ máa dà á sí i lọ́fun ní tipátipá, nítorí ó lè gba ọ̀nà òdì. Ẹ má sì ṣe dákẹ́ kí ẹ máa rò pé èyí tí ó kù nínú rẹ̀ tó. Ẹ padà tọ nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tí ó fún yín lọ kíákíá, kí ẹ sọ fún un wákàtí tí ó bì í, kí ẹ sì béèrè bóyá irú èyí tí kò korò wà. Ìbéèrè kan báyìí kò ná yín ní kọ́bọ̀.