Sìmẹ́ǹtì Lára Ògiri Alámọ̀ Ìbàdàn

Ẹni tó bá dúró ní Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, tó sì wo ìhà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, páànù tó ti dípẹtà ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ tó, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀pọ̀ páànù wọ̀nyí ni ògiri amọ̀ wà, èyí tí àwọn ọmọ agboolé fúnra wọn mọ ní ìpele ìpele, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

Omi ni ọ̀tá ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí pé amọ̀ tó mumi a máa wú, bó bá sì gbẹ, a súnkì. Nígbà tó jẹ́ koríko tàbí ewé ni wọ́n fi ń bolé, etí òrùlé a máa wá sílẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kan ògiri. Amọ̀ àti bọ̀tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màálù, ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, wọn a sì tún un rẹ́ bó bá ṣí. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, tí páànù wá di ohun tó rọrùn láti kó wọ̀lú, kì í ṣe gbogbo òrùlé ló tún ń bo ògiri tó bẹ́ẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì ń ta ẹrẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri.

Sìmẹ́ǹtì ni àwọn onílé sá bá. Ó le, ó sì dán, ṣùgbọ́n kì í bá amọ̀ wú, kì í sì í bá a súnkì, nítorí náà yóò sán níbì kan. Kí alángbá, tí òwe sọ pé kì í ráyè wọ ògiri tí kò bá lanu, tó rí ojú ibi tó sán náà, omi á ti gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Amọ̀ á rọ̀ lábẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì á wú síta bí ikùn, títí yóò fi ya lulẹ̀ lódindi. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ a máa gbá eruku ògiri dànù, a fi ìṣó kan àwọ̀n wáyà mọ́ ọn, a sì jẹ́ kí yanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ dáadáa nínú àpòpọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù, tí kì í sì í wu onílé láti náwó lé, ni gọ́tà tí yóò gbé omi jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri.

Iwájú ilé, níbi tí àlejò ń wò, ni owó sìmẹ́ǹtì sábà máa ń mọ. Bí etí páànù bá sì bo ẹ̀yìn dáadáa, ògiri tí kò rí sìmẹ́ǹtì rárá yẹn lè pẹ́ ju ti iwájú lọ, nítorí pé omi tó bá fà lóru, oòrùn á fà á jáde lọ́sàn-án.