Bí Iṣẹ́ Bá Pẹ́, Ṣé Èrò La Ó Fi Kún Un?

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára ikọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kan tó ń kọ sọ́fítíwíà ní ìlú Èkó. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ kan tí wọ́n gbà kọjá ọjọ́ àdéhùn. Oorun dá lójú àbúrò mi. Oúnjẹ rẹ̀ a sì máa tutù sórí tábìlì. Ìyá wa wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ kúkú gba èèyàn kún ara yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gá wọn ṣe. Ó gba ènìyàn mẹ́rin kún wọn, iṣẹ́ náà sì tún falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Fred Brooks, tó ṣe alákòóso iṣẹ́ OS/360 ní ilé iṣẹ́ IBM, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, ní ọdún 1975, pé kíkó èrò kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti pẹ́ a máa dá kún ìfàsẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ ní láti dúró kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìfikùnlukùn náà a sì máa pọ̀ sí i. Láàárín ènìyàn 5, méjì-méjì tó lè jọ sọ̀rọ̀ jẹ́ 10. Láàárín ènìyàn 9, ó di 36.

Mo fi ilé ìdáná ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa. Mo ní kí wọ́n ronú nípa àsè ìgbéyàwó: àlejò ti jókòó, ìrẹsì kò tíì jinná, alásè mẹ́rin mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á da iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì ni!"

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ fi ń ya iṣẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní Scrum, ìpàdé ojoojúmọ́ kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju oṣù kan lọ. Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ń jẹ́ kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó pa á pọ̀.

Nígbẹ̀yìn, ikọ̀ àbúrò mi pín sí méjì. Wọ́n bẹ oníbàárà, wọ́n gba ọjọ́ tuntun, wọ́n sì sún àwọn ohun tí kò kánjú síwájú. Àbúrò mi ti ń sùn báyìí.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá rí i tó ń fi òru ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má wulẹ̀ bi í pé mélòó ni wọ́n. Ẹ bi í pé, "Ta ló ń ṣe kí ni?" Òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ọwọ́ ní láti kọ́kọ́ gbájọ ná.